Wákàtí Kan Láìṣe Àmín

Bí mo bá sọ fún yín pé àdúrà ìyá mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohùn lẹ́nu mi, ẹ ó ní mo ti tún bẹ̀rẹ̀ irọ́ mi. Mi ò bá yín jà. Èmi tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí gan-an, mo kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ ni. Àwọn tó mọ̀ mí ní Libreville tún ní nǹkan mìíràn tí wọn kò ní gbà gbọ́ nínú rẹ̀: pé èmi yìí, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì tí kì í dákẹ́ lójú oorun, dùbúlẹ̀ fún odindi wákàtí kan láìsọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó dúró dé ìparí kó tó jiyàn.

Kókó kan ló yọ sí mi lọ́rùn, lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ etí. Ó tóbi tó ọmọ ayò, ó sì le bíi rẹ̀. Kò dùn mí rárá, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura sí i. Ohun tó bá wọlé wá jẹ́jẹ́ tí kò kí onílé, olè ni.

Ọmọ mi obìnrin, Morẹ́nikẹ́, ló kọ́kọ́ rí i. Àwa méjì là ń gbé ní Nzeng-Ayong, àdúgbò kan ní Libreville. Ìyá rẹ̀ ti wà ní Port-Gentil lọ́dọ̀ ọkọ tó ní sùúrù jù mí lọ. Libreville yìí ni wọ́n bí Morẹ́nikẹ́ sí ní ogún ọdún sẹ́yìn. Faransé ló fi ń lá àlá, Yorùbá ló fi ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi.

"Daddy, kí ni èyí?"

"Ẹ̀fọn ló jẹ mí."

"Ẹ̀fọn wo ló ń jẹ èèyàn fún oṣù méjì?"

"Ẹ̀fọn Nzeng-Ayong. Ṣé o ò mọ̀ wọ́n ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ìka kan tẹ ibẹ̀, ó sì wò mí. "On va à l'hôpital. Demain." Bí ọmọ yìí bá ti ju Yorùbá sílẹ̀ báyẹn, àwàdà ti tán nìyẹn. Ọ̀la náà la lọ sílé ìwòsàn.

Kí n tó máa bá a lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí mo jẹ́, kẹ́ ẹ má bàa dá mi lẹ́bi jù. Ìfura ni mo fi gbé ìlú yìí fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo dúró sẹ́bàá títì láti wọ takisí. Níbi tí mo ti wá, ẹni tó bá fẹ́ bèèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn á kọ́kọ́ kí i. Takisí àkọ́kọ́ rọra dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé, mo sì fi Faransé tí mo há sórí kí i, pé ọ̀gbẹ́ni, ẹ káàárọ̀ o, ṣé àlàáfíà ni ẹ jí? Kí n tó dé orí "àlàáfíà", ó ti lọ. Èkejì lọ. Ẹ̀kẹta wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, òun náà lọ. Mo dúró níbẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, mò ń kí àwọn ènìyàn tó ń sá fún mi. Mo gbà pé wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ mi. Obìnrin kan tó ń ta ẹja yíyan ló ṣàánú mi níkẹyìn. Ó ní: pariwo ibi tó ò ń lọ àti iye tó o máa san. Bó bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, á tẹ fèrè. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á lọ. Ìkíni kò sí níbẹ̀.

Ó gbà mí tó ọdún kan kí n tó lè wọ takisí láìkí ẹnikẹ́ni kí inú mi má sì bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé ìlú yìí ní òfin tí ẹnikẹ́ni kì í sọ fún àlejò. Mo wá ń ṣọ́ ojú, mo ń ṣọ́ ẹnu, bí wọ́n bá fún mi ní ìwé, mo ń wo iwájú, mo ń wo ẹ̀yìn, mo ń gbé e sí ojú oòrùn. Àwọn baba wa ní ìfura loògùn àgbà. Wọn ò sọ iye ṣíbí tó yẹ kí àgbà mu. Èmi ti mu ìgò kan tán.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà. Nígbà tí a padà lọ gbọ́ èsì, dókítà tó gbà wá jẹ́ obìnrin Gàbọ́ọ̀nù kan, ó kéré sí mi dáadáa, ó gbé awò ojú rẹ̀ sórí irun. Faransé là ń sọ; èmi ni mò ń túmọ̀ rẹ̀ fún yín, ẹ má fura sí mi.

"Ọ̀gbẹ́ni, jẹjẹrẹ wà nínú kókó yìí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ni ilé rẹ̀. Ó ti ibòmíràn wá."

"Àlejò ni?"

"Àlejò ni. Ilé rẹ̀ wà níbìkan nínú orí tàbí ọ̀nà ọ̀fun yín. A ti wo ẹnu yín, a ti ti kámẹ́rà gba imú yín, a kò rí i. Àfi ká wá a kàn, torí ibi tó bá wà la máa dojú ìtọ́jú kọ."

Mo ní kó jẹ́ kí n rí orúkọ tó wà lórí ìwé náà. Orúkọ mi ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ ọ́ bí ẹni pé ará Faransé ni bàbá mi. Mo ní, "Dókítà, ẹ ò rí i pé kì í ṣe èmi nìyí. Ẹ wá ẹni tó ń jẹ́ báyìí kẹ́ ẹ bá a sọ ọ́." Morẹ́nikẹ́ fi ìgúnpá gún mi níhà.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní PET ni wọ́n fẹ́ fi wá a. Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, mo sì gbọ́ ọ yé, nítorí mo ń wá ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣúgà ni wọ́n máa fà sí mi lára, ṣúgà tí wọ́n ti fi ìtànṣán díẹ̀ sí. Gbogbo ibi tó ń ṣiṣẹ́ lára ló máa mu nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ, olójúkòkòrò ni, á mu ju gbogbo ará ilé lọ. Ẹ̀rọ náà á wá rí ibi tí ṣúgà kó jọ sí, bí eèrà ṣe ń tú àṣírí ẹni tó gbé oyin pamọ́ sábẹ́ ibùsùn.

"Ẹ kò ní jẹun láti òru," ó ní. "Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ máa dùbúlẹ̀ fún wákàtí kan. Ẹ kò ní rún nǹkan lẹ́nu, ẹ kò sì ní sọ̀rọ̀. Ti ẹ̀yin ṣe pàtàkì, nítorí ọrùn là ń wò. Iṣan tí ẹ bá lò ló máa mu ṣúgà."

Morẹ́nikẹ́ bú sẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. "Daddy? Wákàtí kan? Dókítà, kò sí ẹ̀rọ mìíràn ni?"

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó ti ní kí n dákẹ́ láyé mi, ohun kan wà tí wọ́n ń fi pamọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Wẹsidé ni wọ́n fi ọjọ́ náà sí, ní ilé ìwòsàn kan lọ́nà Angondjé. Ọmọkùnrin tó wá pè mí wọ aṣọ funfun. Ó ka orúkọ mi, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ṣé ẹ ò jẹ nǹkan kan?"

Yorùbá! Ara mi bù máṣọ. Ọdún mẹ́rìnlélógún, n kò rí ẹni tó ń fi èdè mi kí mi nínú ọ́fíìsì kankan.

"Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Kétu ni, ní Bẹ̀nẹ̀. Fidèle ni mò ń jẹ́."

"Ta ló rán ọ sí mi?"

"Dókítà yín ni, bàbá," ó sì ń rẹ́rìn-ín. Yorùbá rẹ̀ dà bí ti ìyá ìyá mi, ó wúwo, ó sì dùn. Ìyẹn tún jẹ́ kí n fura sí i sí i. Bí wọ́n bá fẹ́ mú ẹyẹ, ṣé ohùn ẹyẹ kọ́ ni wọ́n fi ń pè é?

Ó gbé abẹ́rẹ́ náà jáde láti inú àpótí òjé tí ògiri rẹ̀ nípọn tó ìka mi. Mo fa ọwọ́ mi sẹ́yìn. "Ohun tí ìwọ kò lè fi ọwọ́ lásán gbé, inú ẹ̀jẹ̀ mi lo fẹ́ dà á sí?"

"Bàbá, ẹyọ kan lẹ máa gbà kẹ́ ẹ máa lọ sílé. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí òjé dáàbò bo èmi ọmọ yín náà." Mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, n kò rí àléébù kan nínú rẹ̀, mo na ọwọ́. Ó ní, "Fóònù yín ńkọ́?"

"Mo ti kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ fún mi."

Inú ìbọ̀sẹ̀ mi ló wà. Ṣé ẹ rò pé mo lè fi fóònù mi sílẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí n kò mọ iye kọ́kọ́rọ́ tó ní?

Ó bò mí láṣọ, ó dín iná kù, ó ti ilẹ̀kùn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìbọ̀sẹ̀ mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Ìyá mi ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Gbogbo Wẹsidé ló máa ń pè mí bó bá ti ń ti ìpàdé àdúrà bọ̀, mo sì ti gbàgbé pátápátá. N kò sọ nǹkan kan fún un nípa ọrùn mi. Mo gbé e kó má bàa máa pè lápètúnpè.

"Mọ́mì, ẹ pẹ̀lẹ́ mà, mo wà lẹ́nu iṣẹ́..." Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni mò ń sọ ọ́.

"Iṣẹ́ kì í ju Ọlọ́run lọ. Àdúrà ṣì gbóná lẹ́nu mi. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà."

"Mo ti kúnlẹ̀, mà." Ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀ gbọọrọ.

"Ilẹ̀ àjèjì kò ní gbé ọ mì."

Mo mi orí. Ẹni tó wà nínú fóònù kì í rí orí.

"Mi ò gbọ́ ọ o!"

"Àmín."

"Ṣé àìsàn ń ṣe ọ́ ni? Àmín àwọn tó wà lórí ibùsùn lò ń ṣe yẹn!"

Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Àdúrà ìyá tí ọmọ kò ṣe àmín sí, ṣé ẹ mọ ibi tó ń lọ? Èmi náà kò mọ̀, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mọ̀.

"Ẹni tó ń dọdẹ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yẹ̀."

"Àmín!" Ọ̀dọ̀ Fidèle ni ọkàn mi lọ.

"Ohùn rẹ kò ní wọlẹ̀ láwùjọ."

"Àmín!"

"Ọ̀nà ọ̀fun rẹ kò ní dí."

Háà. Kò mọ nǹkan kan o, ó kàn ń gbàdúrà lọ ni. "Àmín! Àmín! Àmín ní orúkọ Jésù!" Mo fi aṣọ bo orí, mo ń ṣe é lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń jẹ ẹran jíjí. Nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ Fidèle, mo ti fóònù bọ ìbọ̀sẹ̀.

"Ṣé ẹ sinmi dáadáa, bàbá?"

Mo mi orí bí ẹni mímọ́.

Ọjọ́ kejì, dókítà pe èmi àti Morẹ́nikẹ́. Ó gbé àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà: orí mi, ọrùn mi, èjìká mi, gbogbo rẹ̀ dúdú, àfi ibi tí ṣúgà kó jọ sí. Kókó náà tàn bí iná àtùpà. Ìyẹn a ti mọ̀. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ rẹ̀, láàárín ọ̀nà ọ̀fun, gògóńgò mi ń jó bí ẹyin iná. Ahọ́n náà ń jó.

"Ṣé ẹ sọ̀rọ̀ láàárín wákàtí náà?"

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú inú wò ó. Àgbàlagbà ni mí, olùkọ́ ni mí, ọmọ mi jókòó tì mí. Mo sì tún rò pé bóyá ìdẹkùn ni ìbéèrè náà, pé ẹni tó bá jẹ́wọ́, wọ́n á lé e sí ẹ̀yìn ìlà. Mo ní, "Rárá o."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. A jẹ́ pé a ní láti fura sí gògóńgò nìyẹn. Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀, wọ́n á fún yín ní oògùn oorun, wọ́n á wọ inú rẹ̀, wọ́n á gé díẹ̀ níbẹ̀ wò. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lè pa ohùn yín lára. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ilé jẹjẹrẹ náà, ó sì lè di dandan ká yọ gògóńgò ọ̀hún."

Mo gbé ọwọ́ lé ọrùn. Morẹ́nikẹ́ ló bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohùn ni mo bá wọ ìlú yìí. Ní kíláàsì àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi, bí mo bá ti la ẹnu, àwọn ọmọ náà á sín Faransé mi jẹ, wọ́n á máa fi imú sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ní ọjọ́ kan mo ju Faransé náà sílẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì, mo fi ọwọ́, mo fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń kí takisí. Mo ṣe ohùn takisí, mo ṣe ohùn ìyá ẹlẹ́ja, mo sì ṣe ti òmùgọ̀ tó ń tẹrí ba sẹ́bàá títì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí aago fi lù, lọ́jọ́ kejì wọ́n ní, "Mister, encore!", pé kí n tún un sọ. Ọjọ́ náà ni mo ní ibi tí mo lè fìdí lé ní Libreville. Lọ́jà, "le Nigérian" ni wọ́n ń pè mí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí mo bá lọ kí wọn, "ará Gàbọ́ọ̀nù" ni mí, wọ́n sì ń bu omi tútù fún mi bí àlejò. Ibi tí wọn kò ti béèrè ibi tí mo ti wá lọ́wọ́ mi ni iwájú pátákó, bí ohùn mi bá ti jáde.

Wọ́n wá ní àwọn lè yọ ọ́.

Ẹ ó sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn: kí n lọ jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìfura kì í jẹ́ kéèyàn rí ohun tó wà níwájú rẹ̀. Mo ti sọ fún ara mi pé àmín kì í ṣe ọ̀rọ̀ sísọ, ìdáhùn ni. Mo tún sọ fún ara mi pé àwòrán ẹlòmíràn ni wọ́n fi hàn mí. Mo fura sí dókítà, mo fura sí ẹ̀rọ, mo fura sí Fidèle àti ṣúgà rẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó parọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, n kò fura sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá mi pe Morẹ́nikẹ́ láti kí i. Mo wà ní kíṣìnnì, mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi bó ṣe ń dún nínú fóònù.

"Bàbá rẹ ṣe àmín lọ́jọ́ Wẹsidé! Mo ní ọmọ! Bí ẹni pé ó wà lójú ogun!"

"Wẹsidé wo, Grand-mère?"

"Wẹsidé tó kọjá yìí. Láàárọ̀. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọmọ tó ń bá mi tẹ fóònù ló kà á."

Lẹ́yìn náà Morẹ́nikẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Daddy. Ẹ sọ̀rọ̀."

"Mi ò sọ̀rọ̀. Àmín ni mo ṣe."

"Pẹ̀lú ẹnu!"

"Pẹ̀lú ìgbàgbọ́."

"Daddy, wọ́n fẹ́ fi ọ̀bẹ gé ohùn yín lọ́jọ́bọ̀!" Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ fún mi pé kí n má gbẹ́kẹ̀ lé ẹnikẹ́ni. Pé gbogbo èèyàn ló ń parọ́. Ta ló parọ́? Demain matin, ẹ lọ sọ fún dókítà. Bí ẹ ò bá lọ, èmi á lọ."

Ọmọ náà jàre.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé mo dúró níwájú dókítà bí ọmọ iléèwé tó jí ìwé ìdánwò wò.

"Ìṣẹ́jú mélòó?"

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Inú ìbọ̀sẹ̀ ni mo fi fóònù pamọ́ sí."

"Kí lẹ sì ń sọ?"

"Àmín."

"Àmín nìkan?"

"Àmín púpọ̀. Ìyá mi ló ń gbàdúrà, dókítà. Èèyàn kì í fi àdúrà ìyá sílẹ̀ láìdáhùn."

Ó fi ìwé bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Nígbà tó gbé ìwé kúrò, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fa àwòrán náà jáde. "Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo ahọ́n ló tàn, gbogbo gògóńgò ló tàn. Bí ẹni tí à ń wá bá wà níbẹ̀, àárín èrò tí ẹ̀yin fúnra yín pè jọ ló fara pamọ́ sí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rán yín lọ kí wọ́n gé ibi tí kò ṣe nǹkan kan." Ó fagi lé ti ọjọ́bọ̀, ó sì kọ ọjọ́ Wẹsidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e sí ìwé fún ẹ̀rọ náà. "Lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gbẹ́ni, ẹ dákẹ́."

Wẹsidé ni ìṣòro náà. Ìyá mi kì í fi Wẹsidé kan sílẹ̀, bí ìdààmú bá sì bá a nítorí pé n kò gbé fóònù, á pe gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Libreville títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Àfi kí n sọ òótọ́ fún un.

Ẹni tó bá wà lẹ́yìn odi mọ bí èyí ṣe le tó. Irọ́ la fi ń tọ́jú àwọn tó wà nílé. Bí òjò bá gbé ilé lọ, a ní ojú ọjọ́ dára. Bí iṣẹ́ bá bọ́, a ní a wà ní ìsinmi. Àwọn náà ń purọ́ fún wa padà, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti lọ sílẹ̀, wọ́n ní òrùlé kò jò mọ́. A ń fi irọ́ kí ara wa láti òkèèrè, a sì ń pè é ní ìfẹ́.

Mo pè é. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi àwàdà kan sí i.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ ni. Ìwọ tó jẹ́ aláròyé látìgbà èwe rẹ. Láti oṣù mẹ́ta, bí mo bá ní báwo ni, wàá ní, mo wà dáadáa, mo wà dáadáa, mo wà dáadáa. Ẹni tó wà dáadáa kì í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta." Mo gbọ́ tó fọn imú. "Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, mà. Mọ́mì, lọ́jọ́ Wẹsidé, ẹ jọ̀ọ́, mi ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ẹ má pè mí."

"Wákàtí tí wọ́n ń wo ọmọ mi, òun lo ní kí n má gbàdúrà?"

"Ẹ gbàdúrà, mà. Ẹ kàn má pè mí."

"Ta ló máa wá ṣe àmín? Ṣé kí n máa gbàdúrà, kí n tún máa ṣe àmín sí i, bí ẹni tó ń ta ayò fún ara rẹ̀?"

Morẹ́nikẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Grand-mère, èmi ni. Ẹ pè mí. Èmi á ṣe é fún wọn."

Ìyá mi ní, "Ṣé wàá lè ṣe é kó jáde dáadáa?"

"Ẹ kọ́ mi."

Wọ́n jókòó tì í, àwọn méjèèjì, nínú fóònù, bí ẹni tó ń kọ́ orin. "Má fi imú ṣe é. Láti inú ikùn. Àmín!" Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Wẹsidé náà, Fidèle gba fóònù mi lọ́wọ́ mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi. "Bàbá, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀."

"Èwo ni ti ìbọ̀sẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Dókítà ti sọ fún mi."

Mo bọ́ méjèèjì. Ó gbọ̀n wọ́n wò, ọmọ Kétu. Ó fún mi ní abẹ́rẹ́, ó bò mí láṣọ, ó fi ìka kan lé ètè. Ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ ò mọ iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú èèyàn, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ má sọ ọ́. Ó rọ́ wá bí omi. Mo pa eyín pọ̀, mo tún rántí pé iṣan ni wọ́n fi ń pa eyín pọ̀, mo tú u. Mo fura sí itọ́ tí mo gbé mì. Mo fura sí mímí mi. Mo fura sí kókó náà pé ó ń gbọ́ ohun tí mò ń rò, pé ó ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, ó sì ń dí ẹrù láti sá lọ síbi tí ẹ̀rọ kò ní dé. Ọkàn mi wá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní gbọ̀ngàn ìdúró, láàárín àwọn ará Gàbọ́ọ̀nù tí kò mọ̀ ọ́n, tó di fóònù mú, tó ń fi èdè tí kò gbọ́ tán dáhùn fún mi lójú gbogbo ènìyàn. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ògiri ibẹ̀ nípọn. Mo kàn mọ̀ pé ó ń ṣe é, mo sì mọ̀ ọ́n láìyẹ ìwé kankan wò níwájú àti lẹ́yìn. Ohun tuntun ni lára mi, kò sì rọrùn.

Nígbà tí mo jáde, obìnrin ẹ̀yà Fang kan tó jókòó ti Morẹ́nikẹ́ ń nu omijé ojú ara rẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ní, "Ó ní kí n bá a ṣe àmín tirẹ̀ náà." Ohùn rẹ̀ ti há. Òun ló há dípò mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, dókítà fúnra rẹ̀ pè wá lórí fóònù pé ká wá bá òun níbi ẹ̀rọ náà. A dé Angondjé kí oòrùn tó le. Ó ti gbé àwòrán náà sójú kọ̀ǹpútà, ó jẹ́ kí n fojú ara mi wá a. Kókó náà ń tàn níbi tó wà. Gògóńgò dúdú. Mo tún wò ó. Ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kò sí ẹyọ iná kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìdí ahọ́n, lápá ọ̀tún, nísàlẹ̀ níbi tí dígí kankan kì í dé, ohun kékeré kan wà tí kò ju èkùrọ́ kan lọ. Ó ń tàn, òun nìkan ṣoṣo.

"Ilé rẹ̀ nìyẹn," dókítà ní. "A ṣì máa gé díẹ̀ níbẹ̀ wò kó lè dá wa lójú. Bó bá rí bí mo ṣe rò, ìtànṣán àti oògùn la máa fi bá a jà, kì í ṣe ọ̀bẹ. Ẹnu yín á gbẹ, oúnjẹ á nira fún ìgbà díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan gògóńgò yín."

Morẹ́nikẹ́ di apá mi mú. Èmi tẹ ara síwájú, mo ń wo agbárí dúdú tó wà nínú àwòrán náà, kò ní ojú, kò ní irùngbọ̀n, ó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni.

"Dókítà, ṣé ó dá yín lójú pé ti ẹlòmíràn kọ́ nìyí?"

Kò bínú. Ó yí àwòrán náà sí èyí tó ń fi egungun hàn, ó fi bírò tọ́ka sí párì agbárí náà, níbi tí eyín irin mẹ́ta tò sí lápá òsì, tí wọ́n funfun báláú. Ó ní kí n la ẹnu. Mo là á. Ó kà á sókè, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ó sì wo ojú mi.

"Ta nìyí, ọ̀gbẹ́ni?"

Mo pa ẹnu dé. Mo wo àwòrán náà, mo wo iná kékeré tó wà ní ìdí ahọ́n rẹ̀.

"Èmi ni," mo ní.